Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Ariwo Inú Bàálù Kù Kí Ẹ Tó Gbéra ní Ìlọrin

Kò sí èrò ọkọ̀ tó lè pa ariwo bàálù. Àwọn tó kàn án ti sa ipá wọn: wọ́n tẹ́ òwú gíláàsì sáàárín ara ìta àti pátákó inú, wọ́n fi dígí ju ẹyọ kan lọ sójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ariwo ń wọlé. Ohun tó kù sọ́wọ́ àwa ni ibi tí a ó jókòó sí àti ohun tí a ó fi dí etí. Ilé la ti ń yanjú méjèèjì. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì ké kó tó máa wá ohun ìdítí nínú báàgì, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo kọ èyí fún ẹni tó ń ti Ìlọrin lọ sí Èkó tàbí Àbújá, fún alálàájì tó ń lọ sí Jẹ́dà tàbí Mọdínà, àti fún àwọn ará Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Ìgbàjà àti Àjàṣẹ́-Ìpo tí yóò wá wọkọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú wa. Kò dìgbà tí ẹ bá ra ẹ̀rọ olówó gọbọi. Fóòmù kékeré tí kò wọ́n, tí èèyàn mọ̀ ọ́n fi sétí, lè ṣiṣẹ́ ju hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ńlá tó jókòó gẹ̀gẹ̀rẹ̀ sórí gèlè.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ké

Nǹkan mẹ́ta ló ń pariwo jù. Ẹ́ńjìnnì ni àkọ́kọ́, òun ló sì ń borí nígbà tí bàálù bá ń sáré lórí ilẹ̀ láti gbéra. Ìkejì ni atẹ́gùn. Bàálù jẹ́ẹ̀tì tó ti dé òkè a máa sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 800 ní wákàtí kan, atẹ́gùn á sì máa ha ara rẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá jókòó síwájú, tí ẹ ń gbọ́ ìró "họọọ" tí kì í dáwọ́ dúró, atẹ́gùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ìkẹta ni ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fẹ́ yẹ́ẹ́ látòkè orí.

Àwọn ìró kan tún wà tó máa ń já àyà ẹni tí kò wọ bàálù rí. Kété tí ọkọ̀ bá kúrò nílẹ̀, ẹ ó gbọ́ "gbì" lábẹ́ ẹsẹ̀: táyà ló wọnú. Tí pẹpẹ kékeré ẹ̀yìn apá bá ń nà tàbí tó ń ká kò, ìró ẹ̀rọ á dún kùùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nínú Airbus A320, ẹ lè gbọ́ ohun tó ń dún bí ajá tó ń gbó lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kí ó tó gbéra. Ẹ̀rọ tó ń bá wọn dọ́gba agbára epo háídírọ́líìkì ni, kò sí ohun tó bàjẹ́. Mo sọ èyí nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà a máa gbọ́ gbogbo ìró ju bí ó ṣe rí lọ.

Ní ti ìwọ̀n, ariwo inú bàálù jẹ́ẹ̀tì tó ti dé òkè sábà máa ń wà láàárín dẹ̀síbẹ̀lì (ohun tí a fi ń wọn ariwo) 75 sí 85. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi dẹ̀síbẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́ ṣe òpin. Tí a bá fi 3 péré kún un, àkókò yẹn á já sí ìdajì: wákàtí 4 fún 88, wákàtí 2 fún 91. Nítorí náà, Ìlọrin sí Èkó kò lè ba etí ẹnikẹ́ni jẹ́, wákàtí bíi márùn-ún sí Jẹ́dà náà kò ní sọ èèyàn di adití. Ohun tí ariwo yẹn ń fà ni àárẹ̀: orí á máa fọ́, oorun kò ní lọ jìnnà, ohùn á há nítorí pé a fi gbogbo ọ̀nà kígbe bá ara wa sọ̀rọ̀. Oúnjẹ pàápàá kì í dùn lẹ́nu bí ó ti yẹ, torí ariwo ńlá a máa dín adùn ṣúgà tí ahọ́n ń mọ̀ kù.

Ibi tí ewu gan-an wà ni íápíìsì. Ẹni tó bá gbé orin tàbí wáàsí sókè kó lè borí dẹ̀síbẹ̀lì 80 ti ń da 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú etí ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ dí ariwo ná, kí ẹ tó ronú nípa ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́.

Ẹ bèèrè irú bàálù kí ẹ tó yan àga

"Iwájú ló dára jù." Ẹnu gbogbo èèyàn lẹ ti máa gbọ́ èyí. Òótọ́ ni lára ọ̀pọ̀ bàálù, irọ́ sì ni lára àwọn kan. Ibi tí ẹ́ńjìnnì wà ló ń pinnu rẹ̀. Orúkọ bàálù sábà máa ń wà lójú ewé tí ẹ ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ bi ajẹ́ǹtì yín, ẹ má jẹ́ kó fi "bàálù ni bàálù ń jẹ́" dá yín lóhùn.

Tí ẹ́ńjìnnì bá so rọ̀ sábẹ́ apá, bíi ti Boeing 737, Airbus A320, Embraer 190, àti àwọn ńláńlá bíi Boeing 777 àti Airbus A330, ẹ jókòó síwájú apá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń tú ariwo rẹ̀ sí, nítorí náà àwọn ìlà tó wà lẹ́yìn apá ló ń jẹ ẹ́.

Tí ẹ́ńjìnnì bá wà nídìí ọkọ̀, bíi ti Embraer 145 tàbí CRJ, iwájú á dákẹ́ gan-an, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gbẹ̀yìn á sì dà bíi pé ẹ gbé ẹ́ńjìnnì lé ẹsẹ̀. Ẹ má gbà á àfi tí kò bá sí òmíràn.

Ti bàálù oní-pùròpẹ́là ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì. ATR 42 àti ATR 72 pọ̀ lójú ọ̀run Nàìjíríà, wọ́n sì wúlò fún ìrìn kúkúrú bíi tiwa yìí. Ẹrù ni wọ́n ń kó síwájú wọn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni èrò ń gbà wọlé, pùròpẹ́là sì wà ní ìbámu pẹ̀lú àwọn àga apá iwájú. Gbogbo ìgbà tí abẹ̀bẹ̀ yẹn bá gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá ló ń gbá a ní atẹ́gùn, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì máa fi egungun gbọ́ ọ. Nínú ATR, ẹ̀yìn ni kí ẹ lọ. Ẹ fi ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá sílẹ̀, torí ẹnu ọ̀nà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nítòsí. Dash 8 Q400 ní ẹ̀rọ kan tó ń gbọ́ ariwo àti gbígbọ̀n ọkọ̀, tó sì ń dá òdì rẹ̀ padà láti pa á kù. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò ní tìtorí rẹ̀ jókòó ní ìbámu pẹ̀lú pùròpẹ́là.

Àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àárín máa ń dákẹ́ díẹ̀ ju ti fèrèsé lọ, nítorí ara ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń ha ló wà létí ẹni tó wà ní fèrèsé. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀. Ẹni tó fẹ́ wo Odò Ọya láti òkè nígbà tó bá ń lọ sí Àbújá, kó gba fèrèsé rẹ̀ láìjanpata.

Ẹ tún yẹra fún àga ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀: atẹ́gùn ni wọ́n fi ń fa ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù lọ, ó sì máa ń dún lójijì. Ibi tí wọ́n ti ń to oúnjẹ kì í dákẹ́. Nínú bàálù ńlá, iwájú ògiri tó pín ọkọ̀ ni wọ́n ti ń so ibùsùn ọmọ ọwọ́ mọ́. Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ sùn.

Ọkọ̀ alálàájì yàtọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àga tí wọ́n bá nawọ́ rẹ̀ sí yín lẹ ó jókòó sí, kò sí yíyàn. Tí ìrìnàjò yín bá jẹ́ irú èyí, orí etí ni kí ẹ ná owó àti àkókò lé.

Fóòmù etí, àti bí a ṣe ń fi í sí i

Ẹ ó rí i ní kẹ́mísì ńlá, àti ní ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta ìbọ̀wọ́, bàtà líle àti akete àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí fún NRR: iye dẹ̀síbẹ̀lì tó ń dín kù ni. Òmíràn á kọ 29, òmíràn 33. Inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí iye yẹn, lára ẹni tí wọ́n bá fi í sí i dáadáa; tí ẹ bá rí ìdajì rẹ̀ gbà nínú bàálù, ẹ ṣe é re. Ìdajì yẹn tó láti sọ ariwo 82 di nǹkan tí èèyàn lè sùn sí.

Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ fóòmù mọ́ ẹnu etí, tí ìdajì rẹ̀ á yọ síta, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí:

1. Ẹ fọ ọwọ́. Ìdọ̀tí ọwọ́ ló ń lọ sínú etí.
2. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí fóòmù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tínrín, kó má ká kò, kó má ní àpá.
3. Tó bá jẹ́ etí ọ̀tún, ẹ gbé ọwọ́ òsì gba orí kọjá, kí ẹ fa òkè etí náà sókè àti sẹ́yìn. Ihò etí kò lọ tààrà. Fífà yẹn ló ń là á. Àwọn èèyàn máa ń fo èyí, òun gan-an sì ni gbogbo iṣẹ́ náà.
4. Ẹ ti fóòmù wọlé kíákíá kó tó wú, kí ẹ fi orí ìka dì í mú níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ má yọ ìka kí ó tó wú tán.
5. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí, kí ẹ ṣí i. Tí ariwo bá yí padà gan-an, fóòmù kò tíì wọlé dáadáa. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un ṣe.

Ẹ fi í kọ́ra nílé ní alẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó lọ. Ìdí fóòmù gbọ́dọ̀ ṣì wà níta díẹ̀ tí ọwọ́ lè bà. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á. Fífà jálajàla lè dun ìlù etí. Tó bá dọ̀tí, ẹ jù ú nù, ẹ má yá ẹnikẹ́ni. Ẹni tí etí rẹ̀ ń tú ọyún, tàbí tí ìlù etí rẹ̀ ti lu, kò gbọdọ̀ fi nǹkankan dí i láìrí dókítà.

Òwú ńkọ́? Àwọn ìyá wa fẹ́ràn rẹ̀. Òwú gbígbẹ kì í dí ariwo tó nǹkan, ó kàn ń fún ọkàn ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ni.

Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tó ń pa ariwo

Bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé gbohùngbohùn kékeré inú rẹ̀ á gbọ́ ariwo tó ń bọ̀, ẹ̀rọ á dá òdì ìgbì rẹ̀, méjèèjì á sì pa ara wọn. Ará Jámánì kan, Paul Lueg, ti gba ìwé àṣẹ lórí èrò yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1936. Nígbà tó di 1978, Amar Bose, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Bose tó ń ṣe ẹ̀rọ orin sílẹ̀, wà nínú bàálù tó ń ti Zurich padà sí Boston, ariwo kò jẹ́ kó gbádùn ohun tí wọ́n fún un láti fi gbọ́ orin, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìṣirò lórí àga rẹ̀. Ọdún 1989 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó gbé ti àwọn awakọ̀ bàálù jáde fún títà.

Ohùn kíkẹ̀ tó dọ́gba, bíi ti ẹ́ńjìnnì, ló ń pa dáadáa. Kì í pa igbe ọmọ, kì í pa ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Fóòmù ní tirẹ̀ mọ ohùn tínrín-tínrín pa jù. Ẹ wá rí ìdí tí àwọn tó ń rin ọ̀nà jíjìn léraléra fi ń fi fóòmù sínú etí, tí wọ́n tún gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lé e. Tó bá jẹ́ ìrìn wákàtí kan péré, ẹ má fowó ṣòfò, fóòmù tó yín.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà ara páálí. ANC, èyí tó ń pa ariwo fún etí ẹni tó gbé e sórí, ni ẹ ń wá. ENC kì í ṣe ọ̀kan náà: ẹni tí ẹ ń pè lórí fóònù ni ENC ń yọ ariwo fún, etí tiyín kò jẹ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń tajà kan mọ èyí, wọn kì í sì í sọ ọ́. Ẹ dán an wò níwájú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí fáànù, èyí tí kò wọ́n ní ọjà Ìlọrin. Ẹ gbé e sórí láìtan orin, ẹ tan ANC, ẹ pa á, ẹ tún tan án. Tí gbùgbù jẹnẹrétọ̀ kò bá lọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.

Ohun tí ìwé inú páálí kì í sọ fún wa ni ti aṣọ orí. Tìmùtìmù etí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fara mọ́ awọ ara yíká etí. Tí híjáàbù, gèlè tàbí ìborùn bá wà láàárín, àyè ti ṣí, ariwo á gbabẹ̀ wọlé. Alhaja tó bá wọ híjáàbù, kí ó kọ́kọ́ gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì sórí, kí ó wá fi híjáàbù bò ó, tàbí kí ó lo irú èyí tó ń wọ inú etí. Abetí ajá pẹ̀lú, ẹ ká etí rẹ̀ sókè. Bó ti wù kó bo etí tó, kì í dí ariwo. Ọwọ́ gíláàsì ojú náà máa ń ṣí tìmùtìmù. Èyí tó tínrín ló dára.

Ẹni tó máa gbé hárámì nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó dé mìkáátì, ààlà tí alálàájì kì í ré kọjá láìgbé hárámì, tún ní ohun kan láti rò. Ọkùnrin tó wà nínú hárámì kì í bo orí. Fóòmù etí kò kan orí rárá, òun ni mo máa mú. Ẹni tó bá fẹ́ lo hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tó ní ọ̀já lórí, kó bi alfa ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè nílé, kó má dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn lókè ọ̀run.

Ẹ gba bátìrì rẹ̀ kún lálẹ́, ẹ mú wáyà rẹ̀ dání. Páwà báńkì àti bátìrì yòókù, inú báàgì ọwọ́ ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe inú ẹrù tí ẹ kó fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ bàálù wíwà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nítòsí pápákọ̀ wa: bàálù kékeré yín ń ké ju ti èrò lọ, ẹ sì wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má máa yá hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tí tìmùtìmù rẹ̀ ti le tàbí tó ti ya. Tìmùtìmù tuntun ṣe é rà lọ́tọ̀.

Ariwo ẹnu èèyàn

Nígbà tí àwọn alálàájì bá ń ṣe "Labbayka" pọ̀, kò sẹ́ni tó máa dí etí sí ìyẹn. Wáàsí tí ẹnì kan tan lórí fóònù láìfi íápíìsì sí i láago méjì òru ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ má pariwo lé ẹni náà lórí. Ẹ kí i ná, kí ẹ tó sọ ọ́: "Alfa, ẹ kú ìrìn o. Ẹ dákun, ẹ bá wa fi íápíìsì sí i, àgbàlagbà kan ń sùn níbí." Tí ó bá jẹ́ ìyá, "Ìyá Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà" á ṣe é. Tí kò bá gbọ́, òṣìṣẹ́ inú bàálù ni kí ẹ pè. Iṣẹ́ wọn ni.

Ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà

Ọmọ tó ń ké nínú bàálù, etí ló sábà ń dùn ún, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú bàálù tó wà lókè rí bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400. Bí ọkọ̀ ti ń bọ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń le sí i lóde ìlù etí, ti inú kò sì tíì dọ́gba. Gbígbé nǹkan mì ló ń là á. Kí ìyá fún ọmọ lọ́mú bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè àti bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ má fi fóòmù sétí ọmọ ọwọ́, ó lè yọ ọ́ fi sẹ́nu kó há a lọ́fun. Ìbòtí ọmọdé, èyí tó ń bo etí láti ìta, wà lọ́jà.

Àgbà lè jẹ ṣingọ́ọ̀mù, orógbó tàbí obì. Jíjẹ àti gbígbé mì ni a ń wá. Tí etí bá dí, ẹ pa ẹnu dé, ẹ di ihò imú mú, kí ẹ rọra fẹ́ atẹ́gùn sí imú. Rọra ni o. Ẹ má sun oorun wọ ilẹ̀, nítorí ẹni tó ń sùn kì í gbé itọ́ mì tó. Tí fóòmù bá wà létí tí etí sì ń fún nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀, ẹ rọra yọ ọ́.

Bàbá tàbí ìyá tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, kí wọ́n dín ohùn rẹ̀ kù dípò kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n lè gbọ́ ìkéde.

Tí ẹ bá ti jókòó tán

Ẹ gbọ́ àlàyé ààbò tí wọ́n ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dí etí. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì tó sún mọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ yí ẹnu ihò atẹ́gùn orí yín títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé: ìró yẹ́ẹ́ tó sún mọ́ yín jù nìyẹn, ọwọ́ lásán ló sì ń pa á. Ẹ fi fóòmù sí i kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Tó bá di òkè tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nǹkan, ẹ yọ fóòmù, ẹ gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, ẹ tan ANC kí ẹ tó tan ohùn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá ń gbọ́ ohun tí ẹ ń gbọ́, ó ti pọ̀ jù.

Etí lè máa dún ṣíín-ín fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, tàbí kó dà bíi pé ó dí. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Tí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò lọ, tàbí tí etí ń ro, tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀, ẹ má da epo gbígbóná sí i bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ẹ lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, kí wọ́n wò ó. Tí ẹ bá ní láti tún wọ bàálù padà láàárín àkókò yẹn, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.